Ìdòwú Tó Ní Káàdì Lọ́dọ̀ Wa

 

Ẹ ti mọ ohun tí mo máa ń kọ sí ojú ìwé yìí lóṣooṣù. Bí n kò bá rán yín létí owó àjẹṣẹ́kù tó yẹ kó ti wọlé, mo máa ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò èlé, tàbí kí n bẹ àwọn tó yáwó pé kí wọ́n má ṣe sọ onídùúró wọn di ẹni tí ń fara pamọ́ fún wa. Ti oṣù yìí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ, ọmọ tí àrùn jẹjẹrẹ mú lọ ní 2011, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi. Ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i kí n tó mú bírò. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ wa, ó sì kan ọmọ tó wà nílé yín.

KÁÀDÌ KAN NÍNÚ ÀPÓTÍ

Lọ́dọọdún, tí a bá fẹ́ pa ìwé ìṣirò dé ní oṣù Kejìlá, mo máa ń kó gbogbo káàdì jáde, n óò sì fi wọ́n wé ìwé ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ á rántí pé nígbà kan a ní ìfowópamọ́ àwọn ọmọdé, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú ₦50 wá ní ọjọ́ Sátidé. A ti dáwọ́ rẹ̀ dúró tipẹ́, a sì ti dá owó àwọn ọmọ padà fún wọn. Káàdì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. ₦3,550 ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà 71 ni ẹni tó ni ín wá san án, ₦50 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń bá wa yẹ ìwé wò ti bi mí léèrè nígbà bíi mẹ́ta pé, "Akọ̀wé, ta ló ni èyí? Kí ló dé tí kò wá gba owó rẹ̀?" Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé, "Ọmọ ẹgbẹ́ tó rìnrìn àjò ni." N óò wá gbé e wọ inú ọdún tuntun.

Ìdòwú ló ni ín. Ẹ mọ̀ pé ìbejì ni a kọ́ bí, ẹ sì mọ orúkọ tí ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì ń jẹ́. Orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, n kò ní í kọ ọ́ síhìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n má kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, orúkọ yẹn, ti inú ilé ni. Ìtàn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn."

IRÚ ỌMỌ TÓ JẸ́

Wọ́n máa ń sọ pé olórí kunkun ni Ìdòwú. Tiwa náà ní orí kunkun díẹ̀. Bí mo bá ń lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Sátidé, dandan ni kó tẹ̀ lé mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa lu òǹtẹ̀. N óò kọ iye owó, n óò fọwọ́ sí i, òun á wá gbé òǹtẹ̀ lé e, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè yára gbẹ. Bí ẹ bá ṣì ní káàdì ọdún 2010 nílé, ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé àwọn òǹtẹ̀ kan dorí kodò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Owó tirẹ̀, kì í gbà kí n bá a san án. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrì, bí ó bá sì bá a di gààrì sínú ọ̀rá, ìyá rẹ̀ á fún un ní ₦10. Nígbà tí ó bá pé márùn-ún, ó di Sátidé. Á tò wọ́n sórí tábìlì mi, á wá sọ bí ó ti ń gbọ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà máa sọ, pé, "Ẹ kà á kí n gbọ́." Mo sì gbọ́dọ̀ kà á sókè. Bí n kò bá kà á sókè, kò ní í lọ.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta aṣọ bi í pé, "Ìdòwú ọkọ mi, kí lo fẹ́ fi owó tó pọ̀ báyìí ṣe?" Ó ní òun fẹ́ fi ra ọ̀kadà fún bàbá òun, èyí tí kì í kú lọ́nà. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀kadà mi ìgbà náà. Àìmọye ìgbà ni òun àti èmi ti jọ tì í bọ̀ wálé.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde 2011 ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé eyín òun ń mì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ìgbà tí ọmọdé ń pààrọ̀ eyín náà nìyẹn. A rẹ́rìn-ín, a ní ó ti ń dàgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú. A ní eyín náà ni. A fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ẹnu rẹ̀, a ra oògùn lọ́wọ́ olóògùn nísàlẹ̀ ọjà. Kò lọ. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti yọ eyín kan. Wíwú náà ò lọ, ojú ibi tí wọ́n ti yọ eyín ò sì jinná. Eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò yẹ kó tíì mì, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti tó àgbálùmọ̀. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Ọmọ tó ń ṣeré, tó ń jẹun, tó ń lu òǹtẹ̀, ta ni yóò rò pé ikú wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀?

Àwọn ẹbí dá sí i. Ẹnìkan ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹlòmíràn ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń fà á, pé ká se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé. N kò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. A se ẹ̀wà. A lọ gbàdúrà. A lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Ibà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń wú lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló lọ báyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé àtùpà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ojú ọmọ yìí ti ń yọ síta. Ọ̀la ni n óò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa bọ̀." Èmi ni mo gbé e pọ̀n lọ síbi ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ SỌ

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó bi wá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí a jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Burkitt lymphoma.

Ìyàwó mi ní, "Jẹjẹrẹ kẹ̀? Ṣé ọmọdé náà ń ní jẹjẹrẹ?"

Dókítà ní, "Wọ́n ń ní in, mà. Ṣùgbọ́n èyí wà lára àwọn tó ń gbọ́ oògùn jù lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ má sì dáwọ́ dúró."

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán ni mo tó lọ wádìí àrùn náà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda. Ní 1957, wọ́n pè é kó wá wo ọmọdé kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ó rí ọmọ mìíràn ní ìlú mìíràn tó rí bákan náà, tí kókó sì wà nínú ikùn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn, ní 1958 ó sì tẹ ohun tó rí jáde. Ní 1961, òun àti dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n rin nǹkan bíi 10,000 máìlì ní apá ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń bi ilé ìwòsàn kan sí òmíràn bóyá wọ́n ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n rí i pé ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀, tí ẹ̀fọn sì pọ̀, ibẹ̀ ni àrùn náà ń gbé. Ilẹ̀ tiwa wà nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, láàrin àwọn ọdún 1960 sí 1970, òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí wọ́n rí lára ọmọdé.

Ní 1964, Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr, ní London, rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ẹran irú kókó yìí tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wá láti Uganda. Fáírọ́ọ̀sì náà wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lágbàáyé, kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan tó burú tó èyí. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ibà ẹ̀fọn ń kì mọ́lẹ̀ lemọ́lemọ́, agbára ara rẹ̀ láti kápá fáírọ́ọ̀sì náà máa ń dín kù, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ̀jẹ̀ yóò dàrú tí yóò sì di jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: jẹjẹrẹ náà kì í ràn. Kì í ṣe ìyá ọmọ ló fà á, kì í sì í ṣe nǹkan tí wọ́n fi sínú oúnjẹ. A ti da ẹ̀bi rú obìnrin púpọ̀ nítorí àìmọ̀ yìí.

Ohun ìyanu tó wà nínú àrùn yìí ni pé bí ó ṣe ń yára wú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń yára gbọ́ oògùn. Burkitt fúnra rẹ̀ rí i láàrin àwọn ọdún 1960 pé oògùn bíi cyclophosphamide lè mú kí kókó ńlá pòórá lójú ẹni, àwọn ọmọ kan sì yè.

Àwa náà fojú wa rí i. Wọ́n fún Ìdòwú ní oògùn àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí a gba ìkejì, ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Irun rẹ̀ re dànù, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, a ò ní í san owó onígbàjámọ̀ mọ́." Ìyá rẹ̀ jó nínú wọ́ọ̀dù. Èmi náà jó.

IBI TÍ MO TI ṢÌNÀ

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni dókítà ní ká gba oògùn náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì síra wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ń tó nǹkan bíi ₦38,000, pẹ̀lú àyẹ̀wò àti owó bẹ́ẹ̀dì. Mo ta ọ̀kadà fún ti àkọ́kọ́. Owó gààrì ìyá rẹ̀ ló lọ sí ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ ó bi mí pé, ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí n kò sọ láti ìgbà náà. Mo ti yá owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ó sì ku ₦54,000 tí n kò tíì san. Òfin wa ni pé ẹni tó bá jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ yá òmíràn. Èmi akọ̀wé ni mo ń ka òfin náà sétí yín. Èmi ni mo lẹ orúkọ àwọn mẹ́tàdínlógún tó jẹgbèsè mọ́ ògiri ọ́fíìsì ní oṣù Kejì ọdún náà, tí ẹnìkan nínú wọn kò sì kí mi fún oṣù mélòó kan. Ojú wo ni n óò fi dìde ní ìpàdé kí n ní èmi náà fẹ́ yáwó lórí gbèsè?

Ìtìjú náà rí alátìlẹ́yìn. Ara ọmọ ti yá. Ó ń sáré, ó ń jẹ iyán. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí oṣù yìí kọjá ná." Oṣù náà kọjá. Ìpàdé ẹgbẹ́ wáyé lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ àkọsílẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi, mo ní, "Adúpẹ́, ara rẹ̀ ti le." Ilé ìwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ó lọ sílé ìwé. Ní Sátidé kan nínú oṣù náà, ó wá san ₦50, ó lu òǹtẹ̀ fún ara rẹ̀. Òun ni ìkọkànléláàádọ́rin.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tó ti gba oògùn ìkejì, ó ní inú ń dun òun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fọwọ́ kàn án, ikùn rẹ̀ ti le. A sáré padà. Dókítà náà kò bú wa, ó kàn wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ́ o." Wọ́n fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní oṣù Kẹwàá, ní ìdájí, lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó dákẹ́.

Mo bi dókítà náà lẹ́yìn náà pé ká ní a gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé ńkọ́? Ó ní kò sí ẹni tó lè búra, pé àwọn mìíràn ń gbà á pé tí wọn kì í sì í yè, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ní ìrètí jù ni ká gbà á pé. Ìyẹn ni mo ń gbé kiri.

Nígbà tí bàbá tó jẹ́ alága wa nígbà náà wá kí mi, ó jókòó tì mí fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Akọ̀wé, o ò ṣe sọ fún wa?" N kò rí èsì fọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ ká gba oògùn ìkẹta, ₦412,600 ni ẹgbẹ́ ní ní báǹkì. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ara mi kọ́ ni mo dákẹ́ lé lórí. Ti ọmọ mi ni mo dákẹ́ lé lórí.

OMI LÓ DÀNÙ

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Òkú ọmọdé, òkú ọ̀fọ̀ ni. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ìnáwó. Àwọn ọ̀dọ́ ló gbé e lọ, wọn kò jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ mọ ojú ibẹ̀. Àwọn èèyàn wá, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ máa dárúkọ rẹ̀, pé yóò dá ọgbẹ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

N kò ní àṣà wa kò dára. Ó ti gba ọ̀pọ̀ òbí là lọ́wọ́ ìbànújẹ́ tí ì bá gbé wọn mì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ni pé gbogbo wa dákẹ́. Èmi dákẹ́ nítorí ẹ̀bi. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ nítorí pé mo dákẹ́. Àwọn ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń wo ojú wa kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Káàdì yẹn nìkan ni wọn kò rí kó lọ, nítorí inú àpótí ẹgbẹ́ ló wà.

Ní 2013 a bí ọmọbìnrin kan. Àwọn ẹbí ní ká má pè é ní Àlàbá, kó má baà máa rán wa létí. Ìyá rẹ̀ ní rárá. Ó ní, "Bí a ò bá pe èyí ní Àlàbá, ṣé Ìdòwú ò wá sáyé ni?" Mo ronú sí i, mo rí ọgbọ́n àwọn baba wa nínú rẹ̀. Àlàbá ò lè jẹ́ Àlàbá bí Ìdòwú ò bá ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá pè é, a ti ka ẹni tó wà láàrin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kẹ́hìndé bi ìyá rẹ̀ ní ìdáná pé, "Màmá, bí wọ́n bá bi wá nílé ìwé pé ọmọ mélòó ni wá nílé, kí ni ká máa sọ?" Ìyá wọn ní, "Mẹ́rin. Ẹ máa kà á pé." Láti ọjọ́ náà ni a ti ń dárúkọ rẹ̀ nílé. A ń sọ ti òǹtẹ̀ tó dorí kodò, a ń rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn a ń sunkún. Ilé wá fúyẹ́.

BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À Á MÁA RÍRAN

Kì í ṣe kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn ni mo ṣe kọ èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dọọdún, nǹkan bíi 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ni jẹjẹrẹ ń mú lágbàáyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí owó kò pọ̀ bíi tiwa, kò tó 30. Lára ìdí tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pé a kì í tètè mọ̀ ọ́n, àti pé a máa ń pa ìtọ́jú tì lójú ọ̀nà. Èmi ṣe méjèèjì. Ní 2018 àjọ náà dá ètò kan sílẹ̀ pé nígbà tó bá di 2030, ó kéré tán, 60 nínú 100 gbọ́dọ̀ máa yè. Wọn kò lè dá a ṣe láìsí òbí tó mọ ohun tó ń wò.

Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí lára ọmọ yín:

1. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí àgbọ̀n tó wú, tí eyín ń mì láìtíì tó àkókò, tí oògùn eyín kò sì mú un lọ.

2. Ẹyinjú tó ní funfun láàrin, pàápàá tó ń tàn bí ojú ológbò nínú fọ́tò, tàbí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí sọ́nà kan.

3. Ikùn tó le tàbí tó ní kókó. Ìyá tó ń wẹ ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

4. Ibà tí kì í tán, tí ọmọ ń funfun, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí lérìgì, tí ara rẹ̀ ń ní àpá bí ẹni tí wọ́n lù.

5. Kókó lọ́rùn, lábíyá tàbí níbòmíràn tí kò dunni, tí kò sì lọ.

6. Orí fífọ́ láàárọ̀ pẹ̀lú èébì, tàbí ọmọ tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí kò rìn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

7. Eegun tó ń dun ọmọ lóru, tàbí tó ń mú un tiro láìṣubú.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, eyín ni. Ọ̀pọ̀ ibà, ibà lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí kò lọ, ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti lè gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ lè gbàdúrà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ara tó yá kọ́ ni òpin ìtọ́jú. Ọjọ́ tí dókítà bá ní ó parí ni ó parí.

ÀBÁ TÍ MO GBÉ WÁ

Òfin ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 ní kí gbogbo èèyàn wọ inú ètò náà. Ẹ jẹ́ ká wọ̀ ọ́, ká sì bi wọ́n dáadáa ohun tó kájú rẹ̀ àti èyí tí kò kájú rẹ̀ nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwa náà ní ọwọ́. Mo ti fún alága àti akápò ní àbá yìí, a óò sì jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀:

Kí a dá owó pàjáwìrì sílẹ̀ fún àìsàn ọmọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dá ₦200 sí i lóṣù. Kí alága, akápò àti ìyá kan láti ọjà ní àṣẹ láti fún ẹni tó nílò rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá béèrè, láìdúró de ìjókòó ìgbìmọ̀. Kí ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè lè gbà á. Kí a má ṣe ka orúkọ ẹni tó gbà á ní ìpàdé. Kí a sì máa béèrè lọ́wọ́ òbí pé ìgbà mélòó ló kù kí ìtọ́jú parí, kí a má kàn fún un ní ti ìbẹ̀rẹ̀ ká sì gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ lójú ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ wá sí ọ́fíìsì, ẹ sọ fún mi. Èmi ni ẹni ìkẹyìn tó lè fojú ẹlẹ́gbèsè wò yín. Ìwé orúkọ ara ògiri yẹn, mo ti yọ ọ́ láti 2011, n kò sì lẹ òmíràn mọ́.

Ìyá Ìdòwú ti ní kí ₦3,550 náà jẹ́ owó àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú àpò náà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé kí n wá ya káàdì náà dànù, bí a ti ń ṣe fún èyí tí owó rẹ̀ bá ti tán. Ó ní kí n fi sílẹ̀ síbi tó wà. Nítorí náà, ní oṣù Kejìlá, bí àwọn tó ń yẹ ìwé wò bá tún béèrè pé ta ló ni ín, n óò dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí òfò ọmọ o. Àwọn tó ti rí i nínú wa, kí Ó tù wọ́n nínú.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́